Òṣùwọ̀n Méjì Nínú Àpò Kan

Ìwé Deuteronomi, orí 25, kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti kó òṣùwọ̀n méjì sínú àpò kan, ńlá fún rírà, kékeré fún títà. Ìbò pẹ̀lú jẹ́ òṣùwọ̀n. Ìfẹ́ àwọn ènìyàn ni a fi ń wọ̀n.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, èké ni a fi wọn ìfẹ́ àwọn ará Nàìjíríà. Ní ibòmíràn ilẹ̀ ṣú kí ìwé ìdìbò tó dé, síbẹ̀ a kéde iye. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua, ẹni tí ìbò náà gbé wọlé, jẹ́wọ́ ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ gan-an pé ó ní àbùkù. Ẹ jẹ́ kí a fi ọlá fún un. Kò wọ́pọ̀ kí ẹni tí ó jèrè lọ́jà wí pé òṣùwọ̀n ọjà náà kò pé.

Ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 22, Adájọ́ Muhammadu Uwais ni olórí wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008 wọ́n wí pé kí a gba yíyan olórí Àjọ Elétò Ìdìbò kúrò lọ́wọ́ Ààrẹ, kí a sì parí gbogbo ẹjọ́ ìbò kí ẹnikẹ́ni tó búra. Àwa ará Èkìtì àti Ọ̀ṣun mọ ìdí èyí: àwọn tí ilé ẹjọ́ dá láre níbẹ̀ kò gorí àga títí di ìparí ọdún 2010, nígbà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ẹlòmíràn ti ń ṣe ìjọba.

A ti ṣe àtúnṣe díẹ̀. Òfin ti fi ọjọ́ 180 fún ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún 2015 ẹ̀rọ ń ka káàdì olùdìbò. Òfin tuntun sì jáde ní ọdún 2022. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015 kan náà ìjọba yípadà, àwọn tí wọ́n ti ń ké pé a rẹ́ wọn jẹ wọlé, ohùn wọn sì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yíyàn náà. Títí di òní Ààrẹ ni ń yan olórí Àjọ, Ilé Aṣòfin Àgbà a sì fọwọ́ sí i. Ta ni nínú yín tí yóò jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ mú òṣùwọ̀n wá láti ilé?

Nítorí náà, nígbà tí àwọn òǹdíje bá tún wá kí wa nínú ìjọ, ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá, tí a ti pè rí láti jókòó ti àpótí ìbò, ẹ fi sùúrù bi wọ́n léèrè: bí ẹ bá wọlé, ṣé ẹ ó fi yíyàn náà sílẹ̀?