Iṣẹ́ Ẹrú àti Iṣẹ́ Ọmọ

Bí ìránṣẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti rán an, tí iṣẹ́ náà sì mú òfò wá, ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn baba wa wí pé, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kan wà láàárín wa lónìí tí kò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́: kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé olùkọ́ kan ní ilé-ìwé ìjọ ní Ìkòtún ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú máàkì àwọn ọmọ. Ó pàṣẹ fún un pé: Ní alaalẹ́, ṣe ẹ̀dà ìwé máàkì, kí o fi nọ́ńbà ọjọ́ náà sọ ọ́ lórúkọ, to gbogbo ẹ̀dà lẹ́sẹẹsẹ, fi márùn-ún ìkẹyìn sílẹ̀, kí o pa ìyókù rẹ́. Fún ọjọ́ 9, gbogbo rẹ̀ lọ déédéé. Ní ọjọ́ 10 òfò bẹ̀rẹ̀, láìsí ariwo kankan.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Àṣẹ tí a fi ń to nǹkan, èyí tí a ń pè ní sort, a máa ka nọ́ńbà bí ẹni ka lẹ́tà, àfi bí a bá fi àmì -n kún un. Nínú rẹ́jísítà, Adébáyọ̀ a máa ṣáájú Bọ́lá, bí ó tilẹ̀ gùn jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni 10 ń ṣáájú 5, nítorí pé 1 ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà 5 dé 9 wà ní ìkẹyìn, a sì pa 10, tí ó jẹ́ titun jùlọ, rẹ́ ní alẹ́ tí a ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí dé ọjọ́ 49. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àṣìṣe náà, kí ó fún àṣẹ títò nìkan ní 9 àti 10, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wo èyí tí yóò gbé síwájú.

Ádámù di ẹ̀bi ru aya rẹ̀, aya sì dì í ru ejò. Kí àwa má ṣe di tiwa ru ẹ̀rọ. Ohun tí a wí ni ó mọ̀, kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa. Òye tí ìránṣẹ́ kò ní, ọrùn ẹni tí ó rán an ni ó wà.

Ẹlòmíràn lè wí pé, bí ẹ̀rọ kò bá ké, àlàáfíà ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù January, 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab, tí ń bá àwọn ènìyàn káàkiri ayé tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn, ṣèèṣì pa àkójọ pàtàkì kan rẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀dà ojoojúmọ́ tí wọ́n gbójú lé kò sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ìránṣẹ́ wa kò bá lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́, kí àwa fi tọmọ rán an: kí a wí ohun tí a ní lọ́kàn ní kíkún, kí a sì ṣí ẹ̀dà wò kí ọjọ́ àìní tó dé.