Ohun Tí Ojú Rí àti Ohun Tí Ọkàn Fi Kún Un

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, nígbà tí Ràmàdánì bá kù dẹ̀dẹ̀, a máa ń jáde wo oṣù. Ẹni tí ó bá ní òun rí i, a kì í bi í ní ohun tí ó rò. Ohun tí à ń bi í ni pé: ṣé ojú rẹ rí i? Ẹrù wúwo ni ẹ̀rí jíjẹ́. Ìbéèrè wa lónìí nìyí: ẹni tí ó fi àbá kún ohun tí ó rí, tí kò sì gbèrò irọ́, ṣé olódodo ni í ṣe síbẹ̀?

Ní ọdún 1006, Mùsùlùmí kan ní Íjíbítì, Ali ibn Ridwan, rí ìràwọ̀ àjèjì kan nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ ibi tí ó wà ní ojú ọ̀run sílẹ̀. Ó ní ó tóbi ju Àgùàlà lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ju ìdá mẹ́rin ti òṣùpá lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó so ogun àti ìyàn mọ́ ọn. Ní 1965, àwọn onímọ̀ rí àṣẹ́kù ìràwọ̀ náà ní apá ojú ọ̀run tí òun àti àwọn aláwòràwọ̀ mìíràn tọ́ka sí. Kì í ṣe ìràwọ̀ tuntun rárá: èyí tí ó ti gbó ni ó bú gbàmù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì rin nǹkan bí 7,000 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti bú kí a tó bí baba ńlá àwọn tí wọ́n jagun náà. Ohun tí Ali rí ṣì ń jẹ́rìí rẹ̀. Ohun tí ó fi kún un ti ṣubú.

Ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì, kú ni oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn ní ikú ọmọ náà ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ iyì ni fún baba tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Ànábì kọ̀ ọ́. Ó kọ́ wa pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni tàbí ìyè rẹ̀. Kí a kírun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó tọ́ sí wa ní ọjọ́ Àlàrùba 29 oṣù kẹta 2006, nígbà tí òṣùpá bo apá kan oòrùn lójú wa ní Èkìtì: kí a kírun, kí a má gbé e kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣebí ajá rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ó jìnnà sí oṣù gan-an. Mélòó nínú àwọn aládùúgbò wa ni a ti sọ di ohun tí wọn kì í ṣe? Ọmọ kú nínú ilé. Ẹnìkan rántí pé òun rí ìyá àgbà kan ní ẹ̀yìnkùlé lóru. Òótọ́ ni, ó rí i. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọjà, ìyá ti di àjẹ́, àwọn ọmọ tí ó bí sì ń sá fún un. Kò sí ẹni tí ó gbèrò irọ́ nínú wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni oníkálukú fi kún un. Ṣùgbọ́n a ti ba ayé ọmọ Ọlọ́hun jẹ́.

A kò ní kí a má ronú. Kí "mo rí i" dúró láyè rẹ̀, kí "mo rò ó" dúró láyè tirẹ̀. Àlùkùráànì kọ́ wa pé a ó bi etí, ojú àti ọkàn léèrè. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ̀rí wa mọ́ títí dé ọjọ́ náà. Àmín.