Ẹ Kọ Orúkọ Wọn Sí Ẹ̀yìn Àwòrán

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jóṣúà 4:1–7, Númérì 27:1–11, Ìṣe Àwọn Àpósítélì 9:36–42

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún ẹgbẹ́ wa ní oṣù mẹ́ta yìí dá lórí àwọn fọ́tò àtijọ́ tí ó wà lára ògiri àti nínú àpótí wa. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ka ìrántí sí ohun kékeré.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Olúwa pàṣẹ kí ọkùnrin méjìlá gbé òkúta méjìlá jáde láti inú odò. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò béèrè ìtumọ̀ òkúta náà, àwọn òbí wọn yóò sì dáhùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé òkúta kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí òbí bá kú láìdáhùn, òkúta lásán ni yóò kù ní Gílígálì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fọ́tò tí kò sí ẹni tí ó mọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ìlàjẹ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wa. Ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀dó ní 1947, omi ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Bí omi bá ya wọlé lóru, ọmọ ni a kọ́kọ́ ń gbé, lẹ́yìn náà àwọ̀n àti ẹrù. Ta ni ń rántí fọ́tò? Òkun mìíràn sì tún wà tí kì í pariwo, èyí ni ikú àwọn àgbà. Nígbà tí yèyé kan bá sùn nínú Olúwa, orúkọ ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn lè bá a wọ ilẹ̀.

Ìkíní, ẹ jẹ́ kí a wá ọdún tí a ya fọ́tò náà. Òfin kan wà tí ó rọrùn: fọ́tò kò lè dàgbà ju ohun tí ó tuntun jù lọ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ná owó náírà mọ́ ìyàwó níwájú orí, a kò yà á ṣáájú 1973, nítorí January 1 ọdún náà ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Bí a bá kọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó sára pátákó ẹ̀yìn wọn, ó ti di 1976 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí bíṣọ́ọ̀bù ìjọ wa bá jókòó láàárín, bákan náà ni, nítorí 1976 ni Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà gba ètò bíṣọ́ọ̀bù, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú sì di Pátríákì àkọ́kọ́. Fọ́tò tí a ń dúró gbà lójú ẹsẹ̀, tí etí rẹ̀ funfun, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ ju òkè lọ, kò tíì sí ṣáájú 1972.

Ẹ yí fọ́tò náà padà, kí ẹ wo òǹtẹ̀ onífọ́tò. Àpẹẹrẹ kan ni Olóyè Solomon Osagie Alonge ti Bìní, ẹni tí ó ń ya àwòrán ààfin Ọba. Ní 1942 ni ó ṣí Ideal Photo Studio. Nítorí náà, fọ́tò tí ó ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ yìí kò lè ṣáájú ọdún náà, bí ó ti wù kí aṣọ inú rẹ̀ gbó tó.

Irun àti gèlè náà ń sọ̀rọ̀. J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, àwọn fọ́tò rẹ̀ sì fi hàn bí irun òwú àti irun dídì ṣe pọ̀ tó nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ìyá àgbà lè wọ aṣọ tí a rán fún un ní ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọge sì lè yá ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí sítúdíò. Aṣọ ẹgbẹ́ ni kì í sábà tàn wá. Ẹ béèrè ọdún tí ẹgbẹ́ dá a.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó wà nínú fọ́tò. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jópà, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi aṣọ tí ó dá fún wọn hàn án. Aṣọ náà kò tó láìsí ẹnu àwọn opó tí ó mọ ọwọ́ tí ó rán an. Nítorí náà, ẹ gbé fọ́tò lọ bá àwọn àgbà. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ dárúkọ fún wọn, kí wọ́n má baà kan gbà pẹ̀lú yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó fúnra wọn. Bíbélì ní kí a fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ìjọra nìkan kò tó, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n lè jọ ìyá ju ọmọ tí ó bí lọ. Ẹni tí ó bá fi orúkọ èké sí ara fọ́tò lè dá ìjà ilẹ̀ àti ìjà ìdílé sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ẹ fi ọgbọ́n wo fọ́tò ìbejì pẹ̀lú. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, Stephen Sprague kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó yà wọ́n, onífọ́tò a máa fi àwòrán èyí tí ó wà láàyè hàn lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Ojú kan náà lè dúró fún Táíwò àti Kẹ́hìndé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí omijé ìyá kan wà lẹ́yìn fọ́tò náà.

Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àwọn obìnrin. Èyí gan-an ni ó ń dùn wá. A máa ń kọ orúkọ bàbá ní kíkún, a ó sì kọ "Ìyá Eléní" tàbí "ìyàwó rẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ni orúkọ tí a fi ṣe ìrìbọmi fún un? Ọmọ ilé ta ni, Ugbò ni tàbí Mahin? Ọwọ́ tí ó hun ẹní, tí ó yan ẹja, tí ó sì fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, kò ha ní orúkọ bí? Sẹlofẹ́hádì kò bí ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n Mósè kò kọ "àwọn ọmọbìnrin Sẹlofẹ́hádì" kí ó sì dákẹ́. Ó dárúkọ wọn ní márààrún: Mála, Nóà, Hógílà, Mílíkà àti Tírísà. Wọ́n dúró níwájú ìjọ, wọ́n béèrè ogún wọn, Olúwa sì ní ohun tí wọ́n sọ tọ́.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Ẹ lo pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn fọ́tò bá ń dán, ẹ kọ orúkọ sórí ìwé kékeré, kí ẹ fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ láti apá òsì sí apá ọ̀tún, ibi tí a ti yà á, ọdún, àti ẹni tí ó sọ fún yín. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ "a rò pé". Bí omi iyọ̀ bá kàn án, ẹ fi omi tútù tí ó mọ́ ṣàn án jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji, ojú rẹ̀ sókè. Ẹ má ṣe sá a sí oòrùn. Èyí tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣe fà á ya. Ẹ fi fóònù yà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ní Èkó àti ní òkè òkun, kí ó lè wà níbi tí omi kò lè dé.

A bẹ yín, kí ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wa mú fọ́tò kan lọ bá àgbà kan. Kí àwọn tí wọ́n ti dàgbà jù láti wá sí ìpàdé má ṣe jókòó lásán. Iṣẹ́ tiwọn rèé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bí òkun bá tilẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa, Wòlíì Àìsáyà ti fi yé wa pé Olúwa fín àwọn tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Rẹ̀. Kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ta ni ìyá yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa yóò béèrè lọ́wọ́ wa. Kí Olúwa fún wa ní ẹnu láti dáhùn, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.