Ta Ní Í Ṣèdájọ́ Orí?
Bí ènìyàn bá ń ronú, apá ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ nínú ọpọlọ a máa rán ońṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní glutamate, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nítòsí a sì fẹ̀, kí oúnjẹ lè tètè débẹ̀: orí àpésìn, ọba tí ń bọ́ ara rẹ̀! Ṣùgbọ́n àwọn kan sọ ara wọn di adájọ́ orí: ní Rothenburgsort, ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà ogun Hitler, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ọmọdé, pẹ̀lú àṣẹ láti Berlin, fi abẹ́rẹ́ oògùn Luminal, tí ń fún GABA, ońṣẹ́ tí ń pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́, ní agbára àjùlọ, pa ọmọ tí ó lé ní 50, wọ́n ní orí wọn kò pé. Orí burúkú kì í wú tuulu. Àjàlá tí ó mọ orí kò bá àwọn dókítà náà sọ̀rọ̀. Ní 1949, ilé ẹjọ́ Hamburg kọ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n.