Ọmọ tí ó ń fi iná wá ìmọ̀



Bí ọdún bá ti ń parí lọ, àwọn ọlọ́pàá Àbújá a máa kìlọ̀ fún ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe yin bángà. Òfin náà dára, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ó mú ìbéèrè kan wá tí ó ju ọ̀ràn bángà lọ. Bí ọmọ bá ń tú bángà wò láti mọ ohun tí ń gbé e fò, tí òbí sì wí pé, "Má ṣe é mọ́," ṣé ẹrù náà ti kúrò lórùn òbí bí?

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1957 ni àwọn ará Rọ́ṣíà rán Sputnik lọ sí òfuurufú. Ní Coalwood, ìlú kékeré àwọn awakùsà èédú ní West Virginia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 14 kan tí ń jẹ́ Homer Hickam rí i bí ó ti ń kọjá lójú sánmà, ó sì pinnu pé òun náà yóò ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Nínú ìwé tí ó kọ jáde ní ọdún 1998, ó ní ẹ̀tù inú bángà ni òun kọ́kọ́ rọ sínú ike tọ́ọ̀ṣì. Ọgbà tí ìyá rẹ̀ fi yí òdòdó ká ni ó fọ́. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ibi ìwakùsà, kọ̀ fún un láti yin ohunkóhun mọ́ lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́. Ilẹ̀ ilé iṣẹ́ sì ni gbogbo ìlú náà! Ẹ má jẹ́ kí a yára dá bàbá náà lẹ́bi. Ta ni nínú wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ó yá, bàbá kan náà fún wọn ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ń da pàǹtí èédú sí. Àwọn oníṣẹ́ irin bá wọn gé páìpù. Olùkọ́ wọn obìnrin, Freida Riley, fún Homer ní ìwé lórí iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1960, iṣẹ́ àwọn ọmọ náà gba ẹ̀bùn ní ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Indianapolis. Homer di ẹnjiníà, ó sì wọ iṣẹ́ NASA ní ọdún 1981. Riley kò rí ọjọ́ náà. Ó ti kú ní ọdún 1969, ní ẹni ọdún 31.

Riley kì í ṣe oníṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Élì àlùfáà kò gbọ́ ohùn tí ó pe Sámúẹ́lì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ní kí ọmọ náà padà lọ sùn, kí ó tó mọ ẹni tí ń pè é, tí ó sì kọ́ ọ bí yóò ti dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí ó má fi nǹkan kan pamọ́ fún òun, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lòdì sí ilé òun gan-an. Ibẹ̀ ni ó le sí. Bàbá Homer fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ èédú. Ẹ̀bùn ọmọ ń gbé e lọ sí ibòmíràn.

Ẹnìkan lè wí pé: bí iná bá jó ọmọ ńkọ́? Òtítọ́ ni. Ẹ̀tù kì í ṣe ohun tí à ń fi sí ọwọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a lé kúrò lójú wa, ẹ̀yìnkùlé ni ó ń lọ, níbi tí àgbà kan kò sí láti wí pé, "Sún sẹ́yìn." Bí ó bá farapa níbẹ̀, èmi kò gbà pé òfin tí a ti ṣe yóò dá wa láre.

Ọ̀ràn yìí kan àwa tí a ṣí wá sí Àbújá ju àwọn ará ilé lọ. Ní agbo ilé wa ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀ffà, bí bàbá kò bá mọ̀ ọ́n, àbúrò bàbá tàbí alágbẹ̀dẹ àdúgbò yóò mọ̀ ọ́n. Níhìn-ín, ní Kubwa àti Nyanya, ọmọ wà lẹ́yìn géètì, òbí kì í sì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú ni ilé iṣẹ́ òfuurufú ti ìjọba wa, tí a dá sílẹ̀ ní 1999, wà. Àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ni ó ṣe NigeriaSat-X, tí ó gòkè ní 2011. Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá iṣẹ́. Nínú ìjọ yìí pẹ̀lú, àwọn tí ń jó irin, tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí ń kọ́ni ní físíìsì, wọ́n ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Kò náni lówó púpọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Ìgò rọ́bà kan, omi tí ó tó ìdámẹ́ta rẹ̀, ìdérí tí ó há dáadáa, àti póńpù táyà kẹ̀kẹ́. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ nínú rẹ̀ tó, omi yóò tú sí ìsàlẹ̀, ìgò yóò sì fò lọ sókè. Pápá gbalasa ni kí a ti ṣe é, kí gbogbo ọmọ dúró jìnnà, kí àgbà kan sì wà níbẹ̀ tí yóò di póńpù mú.