Ṣé Ọlá Ni A Bù fún Ẹranko Tí A Mọ Sórí Ìkòkò?

Ní ọdún 1969, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Láfogído ní Ilé-Ifẹ̀. Níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀, ó rí ìkòkò pẹ̀lú orí ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Erin wà níbẹ̀, àgbò sì wà níbẹ̀, tàwọn ti ìlẹ̀kẹ̀ lórí bí ọba.

Àwọn kan ní èyí fi hàn pé àwọn baba ńlá wa bọ̀wọ̀ fún ẹranko. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n kò gbà. Ìlẹ̀kẹ̀ ọba ni wọ́n so mọ́ erin lórí. Ọba ni wọ́n fi agbára erin kì.

Ẹ wo àgbò. Lọ́dọ̀ wa ní Ẹgbẹ́dá, a ń fún un ní èèpo iṣu, a ń wẹ̀ ẹ́, tó bá di Iléyá a pa á. (Àbúrò mi a máa sunkún lọ́jọ́ náà, òun náà ni yóò kọ́kọ́ béèrè ẹran.) Síbẹ̀ àgbò kò tán nílẹ̀.

Ti erin kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó pa òwe pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí ti fojú rí erin. Èmi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, inú ìwé nìkan ni mo ti rí i. A ta eyín rẹ̀, a fi igbó rẹ̀ dá oko kòkó. Oko bàbá mi náà wà nínú ohun tí mò ń wí.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ó lé ní 5,000 ọdún tí àwọn ará Naqada ní Íjíbítì ti ń ya erinmi sára ìkòkò. Lónìí, kò sí erinmi kankan mọ́ nínú odò Náílì níbẹ̀.

Ẹnì kan lè ní ìkòkò ni kò jẹ́ ká gbàgbé wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrántí kò fún ẹranko ní koríko jẹ. Nínú àwọn méjì tó dé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, èyí tí a ń pa lọ́dọọdún ni mo rí pé ó rí ìtọ́jú, bó tilẹ̀ korò lẹ́nu mi láti sọ, nítorí kò sẹ́ni tó bi àgbò.

Erin díẹ̀ ṣì kù nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn àgbẹ̀ kòkó náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kó kúrò kí erin lè ráyè, kí ni kí n wí fún ọmọ wọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tó jẹ́ owó kòkó yẹn náà ló fi ń san owó ilé-ìwé?