Ta Ni Ó Ni Eegun Òkú?

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ rò. Bí àwọn tí ó kọ́ ibi mímọ́ kan bá ti kú tán, tí àwọn tí ń sìn níbẹ̀ sì ti tú ká, tí igbó bo ibẹ̀, ǹjẹ́ ó ti di ohun tí kò ní olúwa, tí ẹnikẹ́ni lè tú wò bí ó ti wù ú? Òkè Sanchi ni èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Índíà, kò jìnnà sí ìlú Bhopal.

Òkè náà ga tó bí 300 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tí ó bá gùn ún yóò rí òkìtì ńláńlá tí a fi òkúta bò, tí wọ́n rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Sítúpà ni wọ́n ń pè wọ́n. Inú irú wọn ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń tọ́jú eegun àti eérú àwọn olùkọ́ wọn sí. Nítòsí wọn ni ìpìlẹ̀ ilé àwọn mọ́ǹkì, èyíinì ni àwọn tí ó kọ ayé sílẹ̀, wà: yàrá kéékèèké tí ó yí àgbàlá ká. Ọba Ashoka ni ó kọ́kọ́ fi bíríkì mọ sítúpà tí ó tóbi jù, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa wa. Àwọn ará ẹ̀yìn ni ó fi òkúta bò ó, títí fífẹ̀ rẹ̀ fi tó 120 ẹsẹ̀ bàtà. Ashoka kan náà ni ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Kalinga, tí ó sì mú kí a kọ ọ́ sára àpáta pé 100,000 ènìyàn ni a pa níbẹ̀, àti pé ọ̀ràn náà ba òun nínú jẹ́. Ọba mélòó ni ó tí ì kọ irú èyí nípa ogun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ́?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọba nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Orúkọ àwọn tí ó fi òkúta tọrẹ ni a gbẹ́ sí ara ọgbà àti ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì ju 600 lọ: ahunṣọ wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin tí ó ti kọ ayé sílẹ̀. Àwọn agbẹ́ eyín erin láti ìlú Vidisha ni ó fín òkúta kan ní ẹnu ọ̀nà gúúsù. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, wọn kò gbẹ́ Búdà gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ìtẹ́ òfìfo ni a rí, tàbí ipasẹ̀, tàbí igi kan tí àwọn ènìyàn ń júbà níwájú rẹ̀. Àwọn tí ó gbẹ́ ẹ mọ̀ pé a lè bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, ibẹ̀ di ahoro. Ní 1818 ni Ọ̀gágun Taylor, ará Gẹ̀ẹ́sì, kan ibẹ̀. Ní 1822, Captain Johnson la ẹ̀gbẹ́ sítúpà ńlá láti òkè dé ilẹ̀, kò sì dí i padà. Ihò náà ni ó mú kí ẹnu ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn wó lulẹ̀. A sì gbọ́ pé onílẹ̀ kan ní àdúgbò náà fọ́ òpó Ashoka láti fi ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń fún ìrèké! Ó rọrùn láti dá irú àwọn wọ̀nyí lẹ́bi, n kò sì ní pẹ́ lórí wọn.

Ọ̀ràn Cunningham ni ó ṣòro. Ọ̀mọ̀wé ni, kì í ṣe oníwọra. Ní 1851, òun àti Maisey gbẹ́ àárín sítúpà ńlá, wọn kò rí nǹkan kan. Nínú ìkẹta ni wọ́n ti rí àpótí òkúta méjì, orúkọ Sariputta sì wà lára ọ̀kan, ti Moggallana lára èkejì, àwọn àgbà ọmọ ẹ̀yìn Búdà méjèèjì. Ẹnìkan lè wí pé, “Bí kò bá tú u, ta ni ì bá mọ ẹni tí ó sùn síbẹ̀?” Òtítọ́ ni, n kò sì lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n kíkà orúkọ òkú jẹ́ ohun kan, gbígbé eegun rẹ̀ lọ jẹ́ ohun mìíràn. Ohun tí orúkọ náà sọ ti di mímọ̀ ní wákàtí tí a kà á. Kí ni a tún fẹ́ mọ̀ tí a kò lè mọ̀ bí a bá dé àpótí náà padà? Bí a bá sì wí pé kò sí ẹni tí a lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí òkè náà, àwọn tí ń bọlá fún àwọn méjèèjì kún ilẹ̀ Siloni àti Bọ́má nígbà náà. A kò bèèrè lọ́wọ́ wọn ni. Ahunṣọ tí ó fi òkúta rẹ̀ tọrẹ kò tọrẹ rẹ̀ fún ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ.

John Marshall ṣe ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti 1912 títí di 1919, ó ṣán igbó, ó sì tún àwọn ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe. Òun náà wá ìmọ̀, ó sì rí i lọ́pọ̀lọpọ̀, òkè náà sì tún sàn ju bí ó ti bá a lọ.

Eegun tí a kà sí ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjèèjì, tí a rí ní agbègbè náà, ti wà ní ilé ìṣúra Victoria and Albert ní London fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1947 ni a fi wọ́n ránṣẹ́ padà sí ìhà ìlà oòrùn; ní oṣù November 1952 ni a sì gbé wọn sínú ilé ìsìn tuntun lórí òkè Sanchi. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù náà, a máa ń gbé wọn jáde, àwọn ènìyàn sì máa ń ti Siloni, tí a ń pè ní Sri Lanka nísinsin yìí, wá wò wọ́n. Wọ́n tún máa ń rìn yí sítúpà ńlá ká, èyí tí Cunningham gbẹ́ títí dé àárín tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀.